Ẹsẹ̀ Erin Tí A Fi Ewé Bò

Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, ẹni tó bá ní iṣẹ́ nílé kó dìde báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán, n kò ní dúró de ẹni tó ń wá bàtà. Ọdẹ́rìnlọ ni mí, ọmọ Ọdẹ́gbilé, ará Ìdí-Òmù létí Igbó Ayùnrẹ́. Mo ti pa ẹfọ̀n tó ń bọ̀ wá pa mí. Mo ti pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró kan, èmi kò yà fún un, òun náà kò yà fún mi, títí ebi fi lé e lọ sílé. Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in, ẹkùn náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ẹran tí mo pa. Ti ẹran tí n kò pa ni, àti ti obìnrin ìjọba tí mo mú wọ inú igbó, àti ohun tó ná mi. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Ọdẹ́rìnlọ da ẹgbẹ́ ọdẹ. Èmi kò sẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí ná kí ẹ tó dájọ́, bí ìdájọ́ yín kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sílé yín.

Àṣà wa ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló bí gbogbo wàhálà náà. Láti ayé àwọn baba wa, nígbà tí àwọn oníṣòwò eyín erin ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè, ni àwọn ọdẹ Ìdí-Òmù ti ṣe òfin kan fún ara wọn. Bí ọdẹ bá rí ojú ẹsẹ̀ erin nínú Igbó Ayùnrẹ́, kò gbọdọ̀ tọ̀ ọ́. Yóò já ewé, yóò fi bo ojú ẹsẹ̀ náà, yóò wọ́n erùpẹ̀ lé e, yóò sì gba ibòmíràn lọ. Bí àjèjì bá bi ọ́ pé ǹjẹ́ erin wà níbẹ̀, ì báà ṣe ọba, ì báà ṣe àna rẹ, èsì kan náà ni: "Erin kẹ̀? Láyé àwọn baba ńlá wa nìyẹn." Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ènìyàn wọ ẹgbẹ́ ni yóò ti fẹnu kan irin pé òun kò ní fi erin han àjèjì. Ẹni tó bá yẹ ìbúra yìí, ẹgbẹ́ kò ní nà án, wọn kò sì ní gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò kàn dúró de ọjọ́ ikú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, kò sí ọdẹ kan tí yóò sun ìrèmọ̀jé fún un, kò sí ẹni tí yóò ṣe ìṣípà tí yóò yọ ọ́ kúrò láàárín àwa tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ lè rò pé orin lásán ni. Ọdẹ tí a kò sun ìrèmọ̀jé fún kò tíì kú tán. Inú igbó ni yóò máa rìn kiri, kò ní fojú kan baba rẹ̀ lọ́run. Mo bẹ̀rù rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ ní gbangba, mo bẹ̀rù rẹ̀ ju ẹkùn lọ.

Àṣà yẹn dára, ó sì ṣiṣẹ́, n kò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Erin igbó mìíràn ti di ẹ̀gbà ọwọ́, tiwa ṣì ń jẹko. Àmọ́ a ṣe é, a ṣe é, a ṣe é kọjá bó ṣe yẹ. Ìjọba ṣòfin pé àwọn ẹranko tí ìran wọn ń kú tán lọ, bí erin, bí ìnàkí, bí igún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n, àti pé igbó tí erin bá ń gbé, ayùn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá wo igbó tiwa. Àwọn ènìyàn náà rìn títí ẹsẹ̀ wọn fi wú, wọn kò rí nǹkan kan, nítorí a ti fi ewé bò ó. Wọ́n wá bi wá léèrè, gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ sì dáhùn pọ̀ bí ọmọ ilé ìwé: "Kò sí o!" Nígbà tí wọ́n lọ tán, a rín wọn títí omi fi bọ́ lójú wa. Àṣé ara wa là ń rín. Ìjọba gbà pé igbó òfìfo ni Igbó Ayùnrẹ́, wọ́n sì fún onígẹdú kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ní àṣẹ pé kó gé e.

Ọjọ́ tí Ṣówándé kó àwọn agégi rẹ̀ dé, àwọn ewúrẹ́ ìlú sá wọ inú yàrá. Ọkọ̀ agbégẹdú tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí odò, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kún inú wọn. Ọkùnrin náà sanra, ó mọ ènìyàn kí, ó kí àgbà, ó kí ọmọdé, ó tilẹ̀ kí ajá mi. Ó ní bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré kan dé, obìnrin kúkúrú kan sì sọ̀ kalẹ̀, bàtà rọ́bà dé orúnkún rẹ̀, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyáàfin Ibíyẹmí lorúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó ló ti wá. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dìde dúró gbọn-in.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa," ó wí. "Èmi kò gbà pé igbó yìí ṣófo. Mo rí igi kan létí odò yín tí nǹkan ńlá fi ara ha títí èèpo rẹ̀ fi bó. Mo lè dá ayùn wọ̀nyí dúró, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí n fi ohun tí mo rò ṣiṣẹ́. Ojú mi gbọ́dọ̀ rí erin, kámẹ́rà yìí náà gbọ́dọ̀ rí i, kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ta ni yóò mú mi lọ?"

Gbogbo ọdẹ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olúọ́dẹ Àjàgbé, olórí gbogbo wa, ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo wo igbó náà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wo àwọn ayùn. Mo sì dìde.

"Èmi ni," mo wí. "Erin wà níbẹ̀. Ìyá kan ni pẹ̀lú ọmọ rẹ̀."

"Ọdẹ́rìnlọ, jókòó," Olúọ́dẹ wí.

"N kò ní jókòó, Bàbá."

"Ojú mi báyìí ni o ṣe fẹnu kan irin."

"Òótọ́ ni. Torí kí erin má bàa kú la ṣe fẹnu kàn án. Bí wọ́n bá gé igbó yìí lulẹ̀, níbo ni erin yóò máa gbé? Ṣé inú ẹnu wa tó dákẹ́ ni?"

Olúọ́dẹ mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú o, ẹ má ṣì í gbọ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn. "Irin kò mọ àlàyé, ọmọ mi," ó wí. "Bí o bá mú obìnrin yìí dé ọ̀dọ̀ erin, lọ́jọ́ tí o bá kú, ẹnu ọdẹ kankan kò ní là lórí òkú rẹ."

Ìyàwó mi figbe ta láàárín àwọn obìnrin. Ìbẹ̀rù mú mi, ìbínú sì bo ìbẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. "Ẹ má là á!" mo wí. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo yí sí obìnrin ìjọba náà, mo ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká lọ." Ṣówándé ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó dúró sí, ó ní ká kí erin fún òun.

N kò ní fi oúnjẹ tí a jẹ àti ibi tí a sùn dá yín dúró. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ, ẹ̀yin ẹ ṣáà fẹ́ jẹ ẹran ìtàn yìí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé obìnrin náà kò ráhùn. Ẹ̀gún ya apá aṣọ rẹ̀, ó fi òwú dì í, ó ń bọ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé nínú igbó, a kì í pe ẹran ńlá yẹn lórúkọ, Ìyá Àgbà là ń pè é. Ó ní kò burú, pé níbi iṣẹ́ tàwọn náà èèwọ̀ wà, àwọn kì í sọ pé àwọn rí ohun tí ojú àwọn kò tíì tó. Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an ti fẹ́ jẹ́ ọdẹ." Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti fẹ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, Bàbá, àfi pé ẹ̀yin kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

A ń lọ báyìí, a dé ibì kan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, tí ẹyẹ kò ké, bẹ́ẹ̀ oòrùn wà lókè gan-an. Mo bojú wẹ̀yìn láti fi igi kan ṣe àmì. Háà! Ipa ẹsẹ̀ wa ti ń pòórá. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ gan-an, bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ kúrò ni ewé ń yí wá bò ó fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí a bá wá kò sí mọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, òkìtì ewé gbígbẹ kan dìde dúró níwájú wa, ó ga tó ọ̀pẹ kékeré, ojú méjì tó pọ́n ń wò wá láàárín ewé náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ojú sẹ́yìn, bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣe ni ipa rẹ̀ ń sọ pé ó ń lọ. Irú ẹ̀dá tí í mú kí irun orí ọdẹ dìde nìyẹn. Tèmi dìde, ṣùgbọ́n fìlà mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Ta ló ń fi ẹsẹ̀ ba ilẹ̀ mi jẹ́?" ó wí.

"Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni. Ìwọ ta ni, tí iwájú rẹ kò bá ẹ̀yìn rẹ sọ̀rọ̀?"

"Abòpamọ́lẹ̀ ni mí. Èmi ni mo kọ́ àwọn baba yín bí a ṣe ń já ewé bo ẹsẹ̀ erin. O fẹ́ ba àdéhùn wọn jẹ́. Èmi yóò bo ipa yín títí ẹ ó fi gbàgbé ibi tí ẹ ti wá, ẹ ó sì kú síbí láìsí ẹni tó mọ̀. Àfi bí ẹ bá tú àlọ́ mi."

"Pa á, kí ojú tì ọ́," mo wí.

"Aṣọ wo ni a fi bo ọmọ kí òtútù má bàa pa á, tí aṣọ náà sì pa á?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ rọra. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ronú kan kúbùsù, mo ronú kan òjá, kò bá a mu. Mo wá wo ewé tó ń bo ẹsẹ̀ mi níbi tí mo dúró sí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọra. "Ewé wa ni," mo wí. "Ewé tí a fi bo ẹsẹ̀ erin kí àwọn apẹran má bàa rí i, òun náà ni kò jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gbà á là rí i. A bò ó títí ayé fi rò pé kò sí." Ewé kan já bọ́ lára Abòpamọ́lẹ̀.

"Ẹ̀kejì," ó wí. "Àwọn mẹ́ta ń jìjà igbó. Ọ̀kan ní inú rẹ̀ lòun ti ń jẹun. Ọ̀kan ní òun ti sanwó rẹ̀. Ọ̀kan ní òun ló ń ṣọ́ ọ. Ta ló ni igbó?"

Mo la ẹnu láti sọ pé ọdẹ ló ni ín. Bàtà rọ́bà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ní àtẹ̀mọ́lẹ̀. Ìyáàfin Ibíyẹmí ti bọ́ síwájú. "Ẹni tí wọn yóò bi léèrè lọ́jọ́ tó bá run," ó wí. "Ẹni tó bá gbà pé òun yóò dáhùn fún un, òun ló ni ín."

"Ìwọ yóò dáhùn fún un?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Abòpamọ́lẹ̀ yí wa ká, ewé rẹ̀ ń hó ṣárá ṣárá. "Ẹ ti tú àlọ́ náà. Ẹ san owó ibodè. Gbé ohun tó wà lọ́rùn rẹ fún mi."

"Kámẹ́rà yìí? Kì í ṣe tèmi, ìjọba ló ni ín. Bí mo bá délé tí wọn kò rí i, ṣé ìwọ ni yóò wá bá mi ṣàlàyé fún ọ̀gá mi?"

"Kí ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀ wá."

"Wá gbà á," mo wí, mo sì kọ ẹnu ìbọn sí i.

Ẹ̀dá náà dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Obìnrin, mo mọ òfin yín. Ó máa ń gbá ẹni tó so ẹran mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó sì máa ń júwọ́ sí ẹni tó kó gbogbo igbó sẹ́yìn ọkọ̀. Ewé ni mo fi ṣọ́ Ìyá Àgbà. O fẹ́ ṣí ewé náà. Kí ni o fẹ́ fi dípò rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ mi," Ìyáàfin Ibíyẹmí wí.

"Ọ̀rọ̀ ìjọba, atẹ́gùn ni. Fẹnu kan irin bí ọdẹ ṣe ń ṣe."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Bàbá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o."

"N kò fi dandan lé e," mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fẹnu kàn án bí kò bá ti inú yín wá. Irin kì í gbàgbé. Irin ni mọ́tò, irin ni abẹ́rẹ́ dókítà, ibi gbogbo ni yóò ti máa bá yín pàdé." Mo rò pé yóò yí padà. Obìnrin yìí gba àdá lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu kan irin rẹ̀, ó ní, "Bí mo bá mú òtòṣì tó pa erin, tí mo sì fi olówó tó ba ilé erin jẹ́ sílẹ̀, kí irin má jẹ́ kí n délé." Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rán òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí Ìdí-Òmù, n kò tíì rí èyí tó fi ara rẹ̀ dúró fún ohun tó ń sọ. Abòpamọ́lẹ̀ tú ká lójú wa, ewé lásán ló kù nílẹ̀, ọ̀nà sì là gbọnrangandan níwájú.

Ọ̀nà náà gbé wa dé àbàtà kan tí n kò dé rí, èmi Ọdẹ́rìnlọ tí mo rò pé mo mọ gbogbo igbó náà! Ìyá Àgbà ló dúró sínú ẹrẹ̀ yẹn, ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó ń mu ọmú. Ìyáàfin Ibíyẹmí fọwọ́ bo ẹnu, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Bó ti ń ya àwòrán lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ yí, ó gbé òórùn wa lọ bá erin. Yé! Ilẹ̀ mì! Ẹran náà na etí méjèèjì gbàgà, ó kọ bí fèrè ogun, ó kọrí sí wa. Mo fa obìnrin náà wọ àárín gbòǹgbò àràbà kan, erin náà sì fi orí kan igi náà tó bẹ́ẹ̀ tí èso àti ẹ̀ka ń rọ̀ lé wa lórí. Ó sún sẹ́yìn, ó fẹ́ tún wá. Ìbọn mi ti wà léjìká, ìka mi wà níbi tó yẹ kó wà, iwájú orí rẹ̀ ni mo sì ń wò. Bí mo bá tàsé ní irú ibi tó súnmọ́ yẹn, ẹ má pè mí ní ọdẹ mọ́.

"Bàbá, ẹ má yìnbọn!" obìnrin náà wí lẹ́yìn mi.

Ìbínú fẹ́ pa mí. Ta ló fẹ́ kú fún òfin? Ṣùgbọ́n ó yé mi bí mo ti ń bínú lọ: bí mo bá yìnbọn, ẹlẹ́rìí mi ni mo pa. Inú Ṣówándé ni yóò dùn jù. Mo da ìbọn sílẹ̀. Mo jáde síwájú erin, ọwọ́ òfìfo, èmi tí n kò jáde ní ọwọ́ òfìfo rí láti ìgbà tí mo ti jáwọ́ nínú ọmú. Mo sì pe orúkọ tí a kì í pè, mo figbe ìjálá ta:

Àjànàkú, onílé inú ẹrẹ̀,
O kọjá tán, ilẹ̀ ṣì ń bi ara rẹ̀ pé ta ló lọ.
Ìyá ọlọ́mọ tí í fi etí ṣe abẹ̀bẹ̀ fún ọmọ,
N kò bá ti eyín wá, n kò bá ti ẹran wá.
Àwọn kan ń bọ̀ wá ṣí òrùlé orí rẹ,
Èmi ni mo wá pè ọ́ kí o wá jẹ́rìí.
Bí o bá pa mí, agbẹjọ́rò ara rẹ lo pa!

Ó dúró. Èémí rẹ̀ gbóná lójú mi, koríko tó ti jẹ ló ń rùn níbẹ̀. Ó na imú gígùn rẹ̀, ó fi wá orí mi, ó ṣí fìlà mi, ó sì jù ú sínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà lọ bá ọmọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ti bá àwọn ọmọ aládùúgbò wí tán. Mo jókòó sínú omi. Ẹ wá sọ fún mi, ọdẹ wo lẹ mọ̀ tí erin ṣí ní fìlà tó ṣì wà láyé tó ń ròyìn? Mo dúró ná. Kò sí.

Ọjọ́ ọjà gan-an la jáde. Àwọn agégi ti ń da epo sínú ayùn. Ìyáàfin Ibíyẹmí fi àwòrán han gbogbo ìlú, àwọn obìnrin hó yèè. Ṣówándé wò ó tán, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ rẹ̀. "Erin tó dára ni," ó wí. "Igbó ta ni wọ́n ti yà á? Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú yìí ló sọ fún ìjọba pé kò sí erin níbí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sọ pé ó wà, ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ti kọ̀. Màdáámù, ẹ jẹ́ ká lọ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi níbẹ̀ yẹn."

"Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lábẹ́ igi," obìnrin náà wí. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì. "Bàbá, n kò ní purọ́ fún yín. Bí a bá dé iwájú adájọ́, ibi tí ọkùnrin yìí gbá mú yẹn ni yóò gbá mú. Ẹnu ọdẹ kan kò lè borí ẹnu gbogbo ẹgbẹ́."

Mo yíjú sí àwọn ọdẹ. Ilẹ̀ ni wọ́n tún ń wò. Mo bú wọn! Mo bú wọn ní èébú tí n kò lè tún sọ níwájú àwọn ọmọdé. N kò tíì bú wọn tán nígbà tí Olúọ́dẹ Àjàgbé fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ẹ rántí pé arúgbó ni. Gbogbo wa mọ̀ pé òjò kan tàbí òmíràn ni yóò gbé e lọ, ìrèmọ̀jé rẹ̀ sì ni àwọn ọdẹ ìlú mẹ́fà ti ń múra sílẹ̀ fún. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gba àárín ọkọ̀ agbégẹdú kọjá wọ etí igbó, gbogbo wa tẹ̀lé e, Ṣówándé náà ń bọ̀. Ó dé ìdí igi òmù kan, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó ewé kúrò nílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ erin yọ síta, ó gbòòrò bí ọpọ́n ìfọṣọ. Kò jìnnà rárá sí ibi tí àwọn ayùn wà.

"Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí," Olúọ́dẹ wí. "Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ìyáàfin, ya èyí náà ní àwòrán. Èmi ni mo fi ewé bò ó."

"Bàbá!" àwọn ọdẹ kígbe. "Ìrèmọ̀jé yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni kí n bi pé igbó yín ńkọ́."

Ọdẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúnlẹ̀. Ẹ̀kejì kúnlẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ Ìdí-Òmù ló ń fi ọwọ́ méjèèjì họ ilẹ̀ bí adìyẹ, ibi tí a kò tilẹ̀ rò ni ẹsẹ̀ erin ti ń yọ, àgbà ń yọ, kékeré ń yọ, títí wọ inú igbó lọ. Ọkùnrin tí wọ́n mọ̀ sí alágídí ń sunkún bí ó ti ń kó ewé. Èmi náà sunkún, kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyáàfin Ibíyẹmí ya àwòrán títí, ó wá bọ́ síwájú Ṣówándé, ó ní, "Àṣẹ yín ti kú. Ẹ dá ọkọ̀ yín padà." Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ gbọ́ o, kò tíì gbà. Ó fi àwọn agégi gba apá kejì odò wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àwa ọdẹ ló rí wọn, a ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Ibíyẹmí, òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba sì mú Ṣówándé fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwọn agégi nìkan. Àwọn ènìyàn ńláńlá pe obìnrin náà lórí fóònù pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí mọ́tò òun ya wọ kòtò. Adájọ́ rán Ṣówándé lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ tiwa kan sì pa ìnàkí, àwa fúnra wa la mú un lọ fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, tí wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ nílé àna mi títí dòní. Kí wọ́n máa bínú lọ.

Olúọ́dẹ Àjàgbé kú lásìkò òjò tó tẹ̀lé e. Àwọn ọdẹ ìlú mẹ́fà dé, aṣọ ọdẹ lọ́rùn wọn, ohùn wọn ti là, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa tó wà nínú ẹgbẹ́ ti yẹ ìbúra náà pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè là. Ìyáàfin Ibíyẹmí wà láàárín àwọn opó, ó di ọwọ́ wọn mú. Ọdẹ àgbà kan láti ìlú kejì káàánú wa, ó ní àjèjì lòun, ìbúra wa kò mú òun, kí òun bá wa sun ún fún un kí ọkùnrin pàtàkì báyìí má bàa di alárìnkiri. Àwọn kan ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Mo ní ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yìí mọ ohun tó fi sílẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ nídìí igi òmù, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbà á padà bí ẹni pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n bínú sí mi. Wọ́n ní ìkà ni mí. A gbé Olúọ́dẹ sin láìsí orin kan, ilẹ̀ pa rọ́rọ́, ìró ọkọ́ nìkan là ń gbọ́.

Ọjọ́ mi náà ń bọ̀, bákan náà ni yóò rí, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi pé kó má bẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ Igbó Ayùnrẹ́ lọ́sàn-án, tí ẹ pàdé arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn lẹ́yìn àwọn erin, tí orúnkún ń ro, ẹ má sá, ẹ má sì ṣàánú rẹ̀. Ẹ kí i dáadáa. Olúọ́dẹ wa ni, kò sí ibi tó ń lọ.